Nọ́ńbà Ara Páálí, Agbára Abẹ́ Ìka: Àgbéyẹ̀wò Sípíríǹgì àti Súwíìsì Kíbọ́ọ̀dù

Sípíríǹgì tó wà nínú súwíìsì kíbọ́ọ̀dù kò ju irin tín-ín-rín tí wọ́n lọ́ yípo lọ. Ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Síbẹ̀ òun ló ń pinnu bóyá ìka yóò ro ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ tẹ̀wé, òun ló ń pinnu bóyá lẹ́tà tí a kò pè yóò máa jáde, òun náà ló sì dá àríyànjiyàn tí kì í tán sílẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn kíbọ́ọ̀dù onísúwíìsì. Àwọn kan ní gíráàmù 35 ti tó. Àwọn mìíràn ní ohun tí kò bá tó 70, eré ọmọdé ni. Lójú tèmi, ohun kan ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú iyàn náà: nọ́ńbà kan náà ni gbogbo wọn ń pè, ṣùgbọ́n ibi tí kálukú ti wọ̀n ọ́n yàtọ̀ síra.

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ẹ jẹ́ ká tú súwíìsì kan palẹ̀. Àwọn kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú tó kún ọjà, rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló tẹ́ sábẹ́ gbogbo bọ́tìnnì wọn. Bí rọ́bà yẹn bá ti gbó, ó parí. Ti onísúwíìsì kò rí bẹ́ẹ̀: bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní súwíìsì tirẹ̀, súwíìsì kọ̀ọ̀kan ló sì ṣeé tú. Nínú ilé ìsàlẹ̀ ni ewé bàbà méjì wà. Ọ̀pá oníke kan dúró láàárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń ti ọ̀kan nínú ewé náà sẹ́yìn kó má bàa kan èkejì. Sípíríǹgì ló gbé ọ̀pá yìí dúró, ìdérí ló bo gbogbo rẹ̀. Bí ìka bá ti ọ̀pá lọ sísàlẹ̀ tó mìlímítà 2, ẹsẹ̀ ọ̀pá á yẹ̀ lọ́nà, ewé méjèèjì á kanra, lẹ́tà á sì jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ó tún ku nǹkan bíi mìlímítà 2 mìíràn kí ọ̀pá tó kan ìsàlẹ̀. Ẹ fi mìlímítà 2 tó gbẹ̀yìn yìí sọ́kàn, torí lẹ́tà ti jáde ná kí ìka tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín.

Ilé-iṣẹ́ Cherry ló gbé irú súwíìsì yìí, tí wọ́n ń pè ní MX, jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Walter Cherry dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1953, kó tó di pé ó wá fìdí kalẹ̀ sí ìlú Auerbach ní Jámánì. Nígbà tí ẹ̀tọ́ tí òfin fún un lórí iṣẹ́ náà tán, àwọn ilé-iṣẹ́ Ṣáínà bíi Gateron, Kailh àti Outemu kó wọ ọjà, owó sì já wálẹ̀. Àwọ̀ ọ̀pá ni Cherry fi ń dá súwíìsì mọ̀. Dúdú àti pupa ń lọ sísàlẹ̀ geere láìsí ohun tó dábùú. Aláwọ̀ ilẹ̀ ní gegele kékeré lọ́nà tí ìka lè gbọ́. Aláwọ̀ búlúù ní gegele, ó tún ń ké kẹ́kẹ́ débi pé ẹni tó wà ní yàrá kejì á mọ̀ pé ẹ ń ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n tí Cherry ń lò ni cN, ó sì súnmọ́ gíráàmù débi pé ìka ènìyàn kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Dúdú ń béèrè 60 kí lẹ́tà tó jáde, pupa ń béèrè 45.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí ni pé dúdú àti pupa yìí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Dúdú ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, pupa kò dé títí di 2008. Cherry fi sípíríǹgì tó fúyẹ́ rọ́pò èyí tó le, ó pa àwọ̀ ọ̀pá dà, ọjà tuntun bá délẹ̀. Ẹni tó bá ní súwíìsì dúdú nílé tó ń sọ pé òun fẹ́ lọ ra pupa, sípíríǹgì ni kó lọ rà, owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó súwíìsì tuntun.

Ibi tí wàhálà wà ni kó mọ irú sípíríǹgì tí yóò rà. Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti tẹ òfin sípíríǹgì jáde láti 1678: bí a bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tó fi ń tì wá padà ń pọ̀ tó. Nítorí náà, kò sí sípíríǹgì tó ní ìwọ̀n kan ṣoṣo. Ó ní agbára kan ní òkè, kí ọ̀pá tó mira rárá, torí wọ́n ti há a mọ́ inú ilé súwíìsì kí wọ́n tó dé e. Ó ní òmíràn níbi tí lẹ́tà ti ń jáde. Ó ní ẹ̀kẹta nísàlẹ̀ pátápátá. Cherry ń kọ ti àárín. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta sípíríǹgì lọ́tọ̀, pàápàá àwọn ará Kòríà tó sọ iṣẹ́ yìí di òkìkí, ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kọ. Àwọn mìíràn kọ nọ́ńbà sára páálí, wọn ò sọ ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Sípíríǹgì kan bẹ̀rẹ̀ ní gíráàmù 40, ó dé 60 níbi tí lẹ́tà ti jáde, ó sì kan ìsàlẹ̀ ní 80. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ ní 30, ó dé 45, ó parí sí 60. Ẹ̀kẹta, tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ̀rẹ̀ ní 48, ó dé 54, ó parí sí 60. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni olùtajà lè pè ní “gíráàmù 60” láìpurọ́. Àkọ́kọ́ jẹ́ dúdú ti Cherry ní ìṣe, èkejì jẹ́ pupa. Ẹ̀kẹta kò jọ ìkankan nínú wọn: ó le lókè, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ le sí i bí ìka bá ń lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé 60 dára, tó lọ ra 60, tó wá ń bínú pé wọ́n tan òun, kò sẹ́ni tó tàn án o. Kó bi olùtajà léèrè pé òkè ni, àárín ni, àbí ìsàlẹ̀. Bí olùtajà kò bá lè dáhùn, kó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.

Gígùn sípíríǹgì ló fa ìyàtọ̀ ẹ̀kẹta yẹn. Èyí tó wọ́pọ̀ gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 15 kí wọ́n tó fi sínú súwíìsì. Àwọn tó gùn ń dé 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ní láti ká a jọ gan-an kó tó wọlé, ìdí nìyẹn tí agbára rẹ̀ fi ti wà nílẹ̀ láti òkè. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ọ̀pá ń padà sókè kíákíá bí ìka bá gbéra, ìka tó kàn sinmi lórí bọ́tìnnì kò sì ní tètè tẹ̀ ẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ohun tó ń kìlọ̀ fún ìka pé ìsàlẹ̀ ti súnmọ́, ẹni tó bá ń fi ipá tẹ̀wé á sì máa gbá ike mọ́ ike láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ fún súwíìsì onígegele, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ fún èyí tó ń lọ geere.

Àwọn onímọ̀ nípa iṣẹ́ àti ara ti wọ ọ̀rọ̀ agbára yìí tipẹ́, àwọn olólùfẹ́ kíbọ́ọ̀dù kì í sì í sábà dárúkọ wọn. Ìwádìí kan tí Thomas Armstrong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1994 fi hàn pé agbára tí àwọn atẹ̀wé ń lò lórí bọ́tìnnì jẹ́ ìlọ́po 2.5 sí 3.9 èyí tí bọ́tìnnì náà béèrè. Ìyókù agbára yẹn, mìlímítà 2 tó gbẹ̀yìn àti ìsàlẹ̀ súwíìsì ló ń gbà á. Ní 1997, David Rempel àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi kíbọ́ọ̀dù mẹ́ta wéra, tí bọ́tìnnì wọn ń béèrè nǹkan bíi 34, 47 àti 102 cN. Láàárín 34 àti 47, wọn kò rí ìyàtọ̀ nínú agbára tí ìka lò tàbí nínú iṣẹ́ tí iṣan ṣe. Lórí 102, agbára orí ìka fi nǹkan bíi 40% pọ̀ sí i, iṣẹ́ iṣan sì fi nǹkan bíi 20% pọ̀ sí i.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe sí iyàn àwọn ọ̀rẹ́ wa. Ẹni tó ń torí ìrora sá kúrò lórí 45 lọ sí 35, ìwádìí yẹn kò gbè é. Ẹni tó sì ń fọ́nnu pé 100 ni òun ń lò, iṣan apá rẹ̀ ló ń san owó náà. Ṣùgbọ́n ìwádìí yẹn kò sọ̀rọ̀ nípa àṣìtẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn tó fẹ́ràn èyí tó le ti rí ẹ̀rí tiwọn. Lórí súwíìsì tó fúyẹ́ gan-an, bíi èyí tí Gateron ṣe ní gíráàmù 35, ìka tó kàn rọra ba bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ti lè kọ lẹ́tà. Mo ti rí ọ̀gá atẹ̀wé kan tó yára bí àṣá, tó jẹ́ pé gbogbo àkókò tó jèrè lórí súwíìsì fífúyẹ́ ló fi ń pa àṣìṣe rẹ́. Ìmọ̀ràn tèmi fún ẹni tí kò mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni sípíríǹgì tó kan ìsàlẹ̀ láàárín 60 sí 65. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀ ń ṣi lẹ́tà tẹ̀, ẹ gòkè. Bí ìka ọmọdinrin bá ń ro yín nírọ̀lẹ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Fún súwíìsì onígegele, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn báyẹn, torí gegele àti sípíríǹgì jọ ń jà ni. Aláwọ̀ ilẹ̀ ti Cherry ni àwọn ènìyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù, tí wọ́n ní kò sí gegele kankan níbẹ̀, pé pupa tí iyanrìn wọ̀ ni. Cherry ní òmíràn tí gegele rẹ̀ hàn dáadáa, èyí tí ọ̀pá rẹ̀ funfun mọ́ kedere tí wọ́n ń pè ní Clear. Ìṣòro rẹ̀ ni sípíríǹgì: ó le débi pé bí ìka bá fi máa kan ìsàlẹ̀, agbára rẹ̀ ti lé ní gíráàmù 90. Àwọn olólùfẹ́ kíbọ́ọ̀dù bá yọ sípíríǹgì yẹn dànù, wọ́n fi èyí tó jẹ́ 62 tàbí 65 sí i, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ergo Clear. Gegele kò yí padà, ṣùgbọ́n ó wá dà bíi pé ó tóbi sí i, torí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti rọ̀.

Kí ló dé tí Cherry fi sípíríǹgì líle bẹ́ẹ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀? Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ gun gegele yẹn padà bí ìka bá gbéra, sípíríǹgì nìkan ló sì ń tì í. Bí ẹ bá fi èyí tó fúyẹ́ jù sí i, ọ̀pá á máa fà, nígbà mìíràn á tilẹ̀ há sísàlẹ̀. Bí gíríìsì tí wọ́n fi kùn ún bá tún wá nípọn, ó burú sí i. Nítorí náà, 55 tó dùn lórí súwíìsì tó ń lọ geere lè ba onígegele jẹ́. Ẹ má ra sípíríǹgì ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ra díẹ̀díẹ̀ oríṣi mẹ́ta, kí ẹ fi sí abẹ́ lẹ́tà tí ẹ ń lò jù, kí ẹ fi kọ lẹ́tà gidi, kì í ṣe kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lásán bí ẹní ń dán bàtà wò.

Àwọn kíbọ́ọ̀dù IBM ti ọdún 1985, Model M, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Sípíríǹgì tiwọn ló ń tẹ̀ kọdọrọ tó sì ń dún fúnra rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Unicomp ní ìpínlẹ̀ Kentucky ṣì ń ṣe é títí dòní, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ agbára súwíìsì tí ẹ ti ní, owó ẹyọ ti tó. Sẹ́ǹtì 5 Amẹ́ríkà wúwo gíráàmù 5 géérégé. Ẹ ṣí ìwé kan sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ rọra máa to ẹyọ owó léra lórí bọ́tìnnì, ẹ má ṣe jù ú sí i, kí ẹ sì dúró títí lẹ́tà yóò fi jáde. Bí ó bá jáde lórí ẹyọ kẹsàn-án, 45 nìyẹn. Ẹ ṣe é lórí bọ́tìnnì mélòó kan, ẹ ó rí i pé súwíìsì inú páálí kan náà kì í dọ́gba. Ilé-iṣẹ́ fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀: nínú ìwé wọn, wọ́n máa ń kọ àlàfo tí wọ́n gbà láàyè sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà náà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mi ò fi ń dá ẹni tó ń sọ ìyàtọ̀ láàárín 62 àti 63 lóhùn.

Sípíríǹgì nìkan kọ́ ni ìka ń gbọ́, ó ń gbọ́ bí ọ̀pá ṣe ń ha ilé súwíìsì náà. Súwíìsì tó ń ha á máa dà bíi pé ó le ju nọ́ńbà rẹ̀ lọ. Àwọn kan ń wá súwíìsì dúdú àtijọ́ kiri inú àwọn ẹ̀rọ tó ti kú, torí ọdún púpọ̀ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ti dán ike inú rẹ̀. Àwọn yòókù ń fi gíríìsì ṣe é. Cherry fúnra rẹ̀, tí kì í fi gíríìsì sínú MX láti ilé-iṣẹ́, wá yí ohùn padà ní 2023 nígbà tó gbé MX2A jáde.

Èyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fẹ́ràn jù fún súwíìsì tó ń lọ geere ni Krytox 205g0, gíríìsì funfun tó nípọn, tí kì í jẹ ike. Fún onígegele, wọ́n sábà ń lo èyí tó fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíi Tribosys 3203. Ẹ má lo epo maṣíìnì ìránṣọ, ẹ má lo Vaseline, ẹ má sì fín WD-40 sí i: àwọn kan nínú irú epo bẹ́ẹ̀ ń ba ike jẹ́, àwọn kan ń gbẹ, gbogbo wọn ń kó eruku jọ, àwa tí a sì mọ ọyẹ́ mọ ohun tí eruku lè ṣe.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Ohun ìṣísúwíìsì ni wọ́n fi ń tẹ ẹnu kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin tó di ìdérí mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá ní in lè fi ohun tó tín-ín-rín ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti dá a lápá. Búrọ́ọ̀ṣì àwọn oníyàwòrán, èyí tó kéré jù, ni kí ẹ ti bọ gíríìsì, kí ẹ nù ún létí ìkòkò títí ẹ ó fi rò pé kò sí nǹkan lára rẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ló tó. Ẹ fi kun ojú ọ̀nà méjèèjì tí ọ̀pá ń gbà nínú ilé ìsàlẹ̀, ẹ kun ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kun ibi tí sípíríǹgì jókòó sí. Bí ó bá jẹ́ onígegele, ẹ má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọ̀pá, torí ibẹ̀ ni gegele wà; gíríìsì á sọ ọ́ di súwíìsì pupa. Ẹ má jẹ́ kó kan ewé bàbà. Bí ojú gíríìsì bá ń hàn funfun, ó ti pọ̀ jù, súwíìsì yẹn á máa rìn bí aláàárẹ̀, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti sípíríǹgì, ẹ kó gbogbo wọn sínú ọ̀rá, ẹ kán epo Krytox 105 díẹ̀ sí i, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ dì í lẹ́nu, ẹ sì gbọ̀n ọ́n dáadáa. Ìró gbínrín tó máa ń kù lẹ́yìn ìtẹ̀ á lọ.

Àwọn kan tún ń fi ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí wọ́n gé bí fèrèsé sáàárín ìdérí àti ilé ìsàlẹ̀. Ó wúlò fún súwíìsì tí ìdérí rẹ̀ ń mì. Èyí tí kò bá mì, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Kí ẹ tó náwó lórí ohunkóhun, ẹ wo ìdí kíbọ́ọ̀dù yín. Bí súwíìsì bá ṣeé fà yọ lẹ́nu ihò rẹ̀, iṣẹ́ ti rọrùn. Bí wọ́n bá fi sọ́dà lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ ó wá ẹni tó mọ iná sọ́dà dáadáa, irú àwọn tó ń tún fóònù ṣe, nítorí bàbà ara bọ́ọ̀dù tètè ń ṣí bí iná bá pẹ́ lórí rẹ̀.

Ìbéèrè tó kù ni bóyá gbogbo bọ́tìnnì ló yẹ kó ní ìwọ̀n kan náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀lẹ ló sì ń fà á. Ilé-iṣẹ́ Topre ní Japan ti ń ta irú Realforce kan tó ní ìwọ̀n mẹ́ta: 55, 45, àti 30 fún ọmọdinrin. Súwíìsì wọn kì í ṣe ti ewé bàbà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí nípa ìka kò yí padà lórí MX. Cherry náà ṣe èyí tó jẹ́ 80, tí wọ́n sábà ń fi sábẹ́ ọ̀pá àlàfo gígùn tí àtàǹpàkò ń tẹ̀.

Àwa tí a ń fi àmì kọ Yorùbá ló sì yẹ kó kọ́kọ́ ronú nípa èyí. Ẹ mú “ọ̀pọ̀lọpọ̀”. Lẹ́tà méje ni. Ó ní àmì ìsàlẹ̀ mẹ́rin, ó ní àmì ohùn mẹ́ta. Lórí ètò kíbọ́ọ̀dù tí àmì kọ̀ọ̀kan ti ní ìtẹ̀ tirẹ̀, ìtẹ̀ mẹ́rìnlá ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, láì tíì ka bọ́tìnnì AltGr tí àtàǹpàkò lè máa dì mú. Àwọn bọ́tìnnì tí irú ètò bẹ́ẹ̀ sì sábà ń fún àmì ni ti apá ọ̀tún pátápátá, lábẹ́ ọmọdinrin, ìka tí agbára rẹ̀ kéré jù. Sípíríǹgì tí ará Jámánì yàn fún ẹni tó ń tẹ àkámọ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ ni àwa ń tẹ̀ ní gbogbo ìlà. Bí owó yín kò bá tó láti tún gbogbo kíbọ́ọ̀dù ṣe, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: ẹ wá bọ́tìnnì àmì yín, ẹ fi sípíríǹgì tó kan ìsàlẹ̀ ní nǹkan bíi 50 sábẹ́ wọn, ẹ kun wọ́n ní gíríìsì, kí ẹ sì fi èyí tó le díẹ̀ sábẹ́ AltGr kó má bàa máa wọlé fúnra rẹ̀ bí àtàǹpàkò bá sinmi lé e. Gbogbo rẹ̀ kò lè ju súwíìsì mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ìyókù lè dúró títí owó oṣù yóò fi wọlé.